Àwòdì Òkè àti Láíkìn Ara Igi

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀kọ́, bí ẹnìkan bá ní kí a fi ológbò wé ẹkùn, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra lójú, lẹ́nu àti ní ìrìn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí a fi àwòdì tí ń rá bàbà lójú ọ̀run wé àbàwọ́n aláwọ̀ eérú kan tí ó lẹ̀ mọ́ èèpo igi mángòrò, ẹ ó bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Síbẹ̀ ìfiwéra yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ni àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń jẹ́rìí sí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ìjù ni a ó ti ṣe ìfiwéra náà, ní ẹ̀bá Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀tà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé Ọlọ́tà ni ọba wọn. Oko ni ó pọ̀ ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí dìde, láti Sàngó títí lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, nítorí pé Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ sì wà. Iṣẹ́ dé, owó dé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín náà bá wọn dé. Ẹ̀rọ tí ń yọ́ irin àlòkù, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, eruku ọ̀nà, pàǹtí tí a ń sun lẹ́yìn ilé: gbogbo wọn ni ó ń tú nǹkan sínú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tí tọmọdé tàgbà ń mí.

Bí omi bá dọ̀tí, a lè bù ú sínú igbá kí a fi ojú wò ó. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé bù sínú igbá. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó dára? Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, a sì ní irú rẹ̀ ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò tíì tó nǹkan, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á pe àwọn ẹlẹ́rìí wa méjèèjì tí wọn kì í gba owó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pe àwòdì, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí ó gbẹ. Ẹnu rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, ó sì tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìwọ̀ apẹja. Ìrù rẹ̀ là sí méjì díẹ̀ ní ìparí. Bí ó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ láti ìkángun kan dé èkejì, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà tó kìlógíráàmù kan. Ẹ wo bí ìyẹ́ ti pọ̀ tó, kí ẹ sì wo bí ẹrù tí ó ń gbé ti kéré tó. Ìdí nìyí tí ó fi lè wà lókè fún ìgbà pípẹ́ láìlu ìyẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà ojú ọ̀nà àti páànù orí ilé á gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wọn á gbóná pẹ̀lú, á sì máa gòkè. Àwòdì á wọ inú afẹ́fẹ́ tí ń gòkè yìí, á máa yí po nínú rẹ̀, òun náà á sì máa gòkè. Àwọn àgbà ti kíyè sí i tipẹ́tipẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń ran àwòdì lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní, "Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá." Ìbarà tí òwe náà ń wí wà ní Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí Ọ̀tà lójú ẹyẹ.

Oúnjẹ àwòdì pọ̀. Ó ń jẹ eku, alángbá, tata, ẹja àti òkú ẹran. Ìyá adìẹ mọ orúkọ rẹ̀ nítorí òròmọdìẹ. Bí àgbẹ̀ bá ń sun igbó, àwòdì á dé kí iná tó kú, nítorí ó mọ̀ pé tata àti eku ń sá jáde. Ní ọjà àti ní ibi tí a ti ń pa ẹran, ó ń já bọ́ lójijì, á fi èékánná rẹ̀ gbé ẹran, á sì máa jẹ ẹ́ lókè bí ó ti ń fò lọ. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń rí i jù ní ìhà gúúsù níbí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ gidigidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọrí sí òkè Ọya. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, wọ́n á padà wá, wọ́n á sì kọ́ ìtẹ́ sórí igi gíga. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: àwòdì lè lọ, ó sì lè bọ̀. Bí Ìjù kò bá bá a lára mu lónìí, ó lè sùn sí Badagry lọ́la.

Ó kan ẹlẹ́rìí kejì. Bí ẹ bá dúró ti igi mángòrò tàbí igi àgbọn tí ó ti dàgbà, ẹ ó rí àwọn àmì róbótó róbótó lára èèpo rẹ̀. Òmíràn dà bí eérú, òmíràn dà bí ẹfun, òmíràn ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí wọn lè rò pé lápálápá ni ó mú igi náà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní láíkìn, orúkọ náà ni a ó sì lò. Irú rẹ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé, tí wọ́n pè ní *Pyxine cocoes*. Orúkọ náà ń rán wa létí igi àgbọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń hù lára àgbọn àti mángòrò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ èèpo igi, etí rẹ̀ sì pín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yíká.

Kí ni láíkìn jẹ́ gan-an? Kì í ṣe ewéko kan ṣoṣo. Ohun alààyè méjì ni ó di ara wọn mú. Èkínní jẹ́ ìbátan olú tí a ń hú nínú oko. Èkejì jẹ́ ìbátan ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀, tí a máa ń rí lára àmù àti lára ògiri kànga. Ìbátan olú kò lè se oúnjẹ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ilé kọ́, ó sì mọ bí a ti ń pa omi mọ́. Èkejì kéré púpọ̀, oòrùn ìta gbangba lè gbẹ ẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ó lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Nítorí náà wọ́n ṣe àdéhùn: èyí fún èyí ní ilé, èyí sì fún èyí ní oúnjẹ. Ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan, Simon Schwendener, ni ó kéde ọ̀rọ̀ yìí ní 1867. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Lónìí kò sí ẹni tí ń bá a jiyàn mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé láíkìn ń jẹ igi. Kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka igi, a sì máa fa omi ara igi mu. Láíkìn kò ní gbòǹgbò rárá. Èèpo igi jẹ́ ibi ìjókòó lásán fún un; ó lè jókòó sórí òkúta tàbí sórí ògiri ilé àtijọ́ bákan náà. Inú òjò, ìrì àti afẹ́fẹ́ ni ó ti ń rí ohun gbogbo tí ó ń lò. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á gbẹ títí yóò fi máa rún bí ewé gbígbẹ, ẹ ó sì rò pé ó ti kú. Bí òjò bá kán sí i, á jí padà. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi ju mílímítà díẹ̀ lọ gbòòrò láàárín ọdún kan. Èyí tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ lè ti wà níbẹ̀ kí ọmọ tí ń wò ó tó di ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kẹ́mísírì sì ti ń lo láíkìn láìmọ̀: ara àwọn láíkìn kan ni wọ́n ti rí aró tí a fi ṣe bébà lítímọ́sì, èyí tí ń di pupa bí a bá tì í bọ inú ásíìdì.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí àwọn ẹlẹ́rìí wa. Ọ̀kan ní ojú tí ó lè rí òròmọdìẹ láti òkè réré. Èkejì kò ní ojú. Ọ̀kan ní ìyẹ́. Èkejì kò lè kúrò ní ibi tí ó hù sí títí ayé rẹ̀. Ọ̀kan ń pa ẹran jẹ. Èkejì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wá wò ó bí májèlé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Oúnjẹ ni ó ń gbé májèlé wọ ara ẹyẹ tí ń pa ẹran jẹ. Ẹ ronú nípa èésú. Ogún obìnrin a máa dá owó kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan a máa kó gbogbo rẹ̀. Bí a bá fín oògùn kòkòrò sí oko, tata kọ̀ọ̀kan á ní díẹ̀ lára. Ẹyẹ kékeré á jẹ ọgọ́rùn-ún tata, á sì kó díẹ̀díẹ̀ gbogbo wọn jọ. Àṣá á jẹ ọgọ́rùn-ún ẹyẹ kékeré. Òun ni ó kó èésú náà, ikú sì ni ó kó. Èyí kì í ṣe àlọ́. Oògùn kòkòrò tí à ń pè ní DDT ni wọ́n lò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kò pẹ́ tí irú àṣá kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní peregrine fi bẹ̀rẹ̀ sí tán. Ní 1967, Derek Ratcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé èèpo ẹyin àwọn ẹyẹ náà ti fẹ́lẹ́ jù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyin fi ń fọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ní 1972 Amẹ́ríkà fòfin de lílo DDT ní oko. Ní 1999 wọ́n yọ orúkọ àṣá náà kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun níbẹ̀, nítorí ó ti ń bí sí i. Ẹyẹ jẹ́rìí, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Igún tiwa náà ń jẹ́rìí. Igún kékeré tí ó máa ń dúró ti ibi tí a ti ń pa ẹran ti di ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí rí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní 2015 àjọ àgbáyé tí ń tọ́jú àwọn ẹ̀dá inú igbó fi orúkọ rẹ̀ sí ipò àwọn tí ewu ìparun súnmọ́ jù. Májèlé wà nínú ohun tí ó ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń tà á fún oògùn ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ti láíkìn yàtọ̀. Kì í jẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu. Ẹ ronú nípa aṣọ funfun tí a sá sí ẹ̀bá títì. Bí eruku bá wà, aṣọ á gbà á. Bí èéfín bá wà, aṣọ á gbà á. Ẹni tí ó ni aṣọ lè ká a wọlé kí ó sì fọ̀ ọ́. Láíkìn kò ní ẹni tí yóò ká a wọlé. Ohun tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá gbé wá, irin ni o, òjé ni o, á wọ̀ ọ́ lára, á sì pẹ́ níbẹ̀. Èéfín imí-ọjọ́ tí ń jáde láti inú èédú ilẹ̀ àti epo ni ó burú jù fún un, nítorí ó ń ba apá tí ń se oúnjẹ jẹ́. Bí ẹni tí ń dáná bá sì kú, onílé náà á kú.

Ní 1866 ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ William Nylander kíyè sí i ní ìlú Paris pé láíkìn pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg, ṣùgbọ́n pé ó ti ń tán ní àwọn apá ìlú tí èéfín ti pọ̀. Ó sọ pé a lè fi láíkìn wọn bí afẹ́fẹ́ ti dára tó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́. Ní London, láíkìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní àárín ìlú kí ẹ̀rù tó ba àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá 1952, èéfín èédú bo ìlú náà fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa nǹkan bí 4,000 ènìyàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́kọ́ kà á; àwọn tí ó tún un kà lẹ́yìn náà sọ pé wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1956 ni ìjọba wọn ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́. Nígbà tí èéfín imí-ọjọ́ dín kù, láíkìn bẹ̀rẹ̀ sí padà sára igi London. Àbàwọ́n ara igi ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́ kí àwọn ènìyàn tó kú. Wọn kò fetí sí i.

Ibì kan wà tí àwọn ẹlẹ́rìí wa ti ń pàdé. Ẹyẹ tí ń pa ẹran jẹ a máa ní ẹ̀ka tàbí òkúta tí ó fẹ́ràn láti bà lé. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn irú láíkìn kan wà tí ìgbẹ́ ẹyẹ jẹ́ ajílẹ̀ fún, wọ́n á hù dáadáa níbẹ̀ ju ibi mìíràn lọ. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ẹni tí ó bá rí àwọ̀ olómi ọsàn irú láíkìn bẹ́ẹ̀ lórí àpáta gíga mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé ẹyẹ a máa bà síbẹ̀.

Ó tó àkókò kí a dá ẹjọ́. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rí ta ni a ó gbà lórí afẹ́fẹ́ Ìjù? Bí ẹ bá rí àwòdì mẹ́wàá lókè Ìjù, ẹ má ṣe sọ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ó lè jẹ́ pé pàǹtí ni ó pọ̀, eku sì pọ̀ nínú pàǹtí. Bí ẹ kò bá sì rí ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé òjò ni ó lé wọn lọ. Ẹ̀rí àwòdì dára lórí ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a ń dà nù. Lórí afẹ́fẹ́, àlejò ni í ṣe. Láíkìn kì í ṣe àlejò. Ọ̀sán àti òru, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, ibẹ̀ ni ó wà. Ohun tí ó bá sọ, ohun tí ojú ara rẹ̀ rí ni.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ náà kàn wá? Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìjù kò ní ìyẹ́. Kò lè kọrí sí òkè Ọya bí èéfín bá pọ̀. Ibi tí àwọn òbí rẹ̀ bá ń gbé ni yóò ti mí. Ní ti èyí, láíkìn ni ọmọ náà jọ, kò jọ àwòdì. Òjé tí ń bẹ nínú eruku a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú agbo ilé, eruku òjé pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Eruku náà kò kígbe kí ó tó wọlé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kan rèé tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ fi ọwọ̀n ìgbálẹ̀ mẹ́rin ṣe igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ wá igi mángòrò márùn-ún ní ẹ̀bá títì ńlá, àti márùn-ún mìíràn tí ó jìnnà sí títì àti sí ilé-iṣẹ́. Kí àwọn igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ gbé igun mẹ́rin náà lé ara igi ní ọgbọọgba àyà yín, kí ẹ ka oríṣi láíkìn tí ẹ bá rí nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀, orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé. Ẹ má ṣe há a kúrò. Lọ́dún tí ń bọ̀, kí àwọn tí ó bá wà ní kíláàsì yín tún padà lọ wo igi kan náà.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń dájọ́. Ẹ má ṣe lo igi gúáfà, nítorí èèpo rẹ̀ a máa bọ́, kì í jẹ́ kí láíkìn pẹ́. Òjìji tí ó ṣú jù tún lè dín in kù. Ẹ sì rántí pé gbogbo láíkìn kọ́ ni ó lágbára bákan náà: *Pyxine cocoes* tí mo dárúkọ lè fara da èéfín tí ó lé àwọn mìíràn lọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé láíkìn wà ni kí ẹ wò, oríṣi mélòó ni ó wà ni kí ẹ wò. Bí oríṣi mẹ́fà bá wà ní oko, tí ẹyọ kan péré sì wà ní ẹ̀bá ilé-iṣẹ́, ẹ ti rí ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ gbé lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, àti àwọn tí ìjọba fi iṣẹ́ àyíká lé lọ́wọ́. Láti 2007 ni ilẹ̀ wa ti ní àjọ tí ń mú kí a pa òfin àyíká mọ́, NESREA ni à ń pè é. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti fi ẹ̀rọ wọn ohun tí ẹ̀yin ti fi ojú rí.

Àwọn àgbà ní, "Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun." Ó dára kí a máa wo òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti wo àwòdì tán, ẹ rẹ ojú yín wálẹ̀ sí èèpo igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ ka ohun tí ó kọ síbẹ̀.